Bàbá fẹ́ da óìlì sí bẹ́líìtì kẹ̀kẹ́ mi

Ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí láàárọ̀ yìí. Mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ l'Ádó-Èkìtì, Bàṣírì sí Ajílòsùn, ni táyà ẹ̀yìn bá jò. Mo tì í dé ọ̀dọ̀ Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Kí n tó sọ ohun tó ṣe é, wọ́n ti gbé agolo óìlì dúdú wọn. Mo fi igbe ta: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á o! Kì í ṣe ṣéènì!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́. "Rọ́bà nìyí?" Mo ní bẹ́líìtì ni, òun ló ń ṣe iṣẹ́ ṣéènì, wọ́n fi okùn kábọ́ọ̀nù sínú rẹ̀. Kì í dípẹtà, kì í mu óìlì. Bó bá dọ̀tí, omi lásán ti tó. Wọ́n wá ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ títí, wọn ò rí i. Odindi ni. Àwọn fúnra wọn ló wá rí i pé ńṣe ni àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà dìídì la férémù níbi ẹ̀yìn, tí wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì dè é. Ibẹ̀ ni bẹ́líìtì ń gbà wọlé. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ẹni tó ro eléyìí, orí ẹ̀ pé!"

Ṣòkòtò funfun ni mo wọ̀ o, kò sí àbààwọ́n kan. (Òógùn ti àwọn òkè Adó ṣì wà níbẹ̀, bẹ́líìtì kì í báni gun òkè.)

"Bó bá wá já ńkọ́? Níbo lo ti máa rà á l'Ádó yìí?"

Mi ò rí èsì fún wọn.