Ìyá Àgbà Tún Dákẹ́ Lónìí

Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, Ọjọ́bọ̀. Ọyẹ́ mú láàárọ̀ débi pé ètè mi là.

Ìyá Àgbà ni àwọn ọmọ mi sọ ọkọ̀ mi, torí pé ọdún 1999 ni wọ́n ṣe é, ó sì ju àkọ́bí mi lọ dáadáa. Àlòkù tó gba èbúté Kútọnu wọlé ni, ọtọmátíìkì. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló ti bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ọtọmátíìkì ṣe ní ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Èsì mi kò yí padà: orókún òsì mi ń dùn mí, n kò lè máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀ dalẹ́.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni mo ti di ẹrù aṣọ sẹ́yìn ọkọ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò dún. Kò tilẹ̀ ṣe "kẹ́". Iná iwájú mi tàn rekete, rédíò ń sọ̀rọ̀, ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò dáhùn. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fa igi jíà síwá sẹ́yìn pẹ̀lú ìbínú, mo dá a padà sí P, ààyè ìdúró, mo tún yí i. Ó jí! Ó jí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín wa.

Ó ti tó oṣù kan tó ti ń ṣe báyìí. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa yí i, yóò jí. Lọ́jọ́ mìíràn, màá jókòó síbẹ̀ títí oòrùn yóò fi yọ. Gbogbo àdúgbò ló ti di mẹ́kánó lórí ọ̀rọ̀ mi: bátìrì ni, bátìrì ni. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, mo fi 38,000 fáránkì ra bátìrì tuntun kí ọdún tó parí. Ọjọ́ méjì ni Ìyá Àgbà fi ṣe ọmọ dáadáa. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún dákẹ́.

Mo wá gbé e lọ bá mẹ́kánó kan. Ó jí ní wéré lójú rẹ̀, bí ehín tó ń dunni ṣe máa ń dákẹ́ tí a bá ti dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi pé démarreur, ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ni yóò kú, pé kí n lọ wá 60,000. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ká ní bàbá àwọn ọmọ ló gbé ọkọ̀ náà lọ ni, ó dá mi lójú pé yóò kọ́kọ́ ṣí i.

Lónìí, lẹ́yìn tí mo ti dé ẹ̀bá ọjà tí mo pa ọkọ̀ láti ra omi, ó tún dákẹ́, ìdákẹ́ yìí kì í ṣe eré. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin sáré wá. "Màmá, ẹ jókòó, a ó tì í." Inú mi dùn, mo ti wọlé. Bàbá àdúgbò wa kan tó fi ọdún púpọ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Parakou ló pariwo láti ìsọ̀ ẹni tó ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù fàyàwọ́, nínú ìgò:

"Ẹ dúró! Ọtọmátíìkì kì í gba títì! Ẹ ó tì í dé Pọ́bẹ̀, òógùn nìkan lẹ ó rí."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní nínú ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì, táyà lè yí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá tì í. Ṣùgbọ́n nínú ọtọmátíìkì, òróró ló ń mú jíà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì ń ti òróró náà kiri. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti sùn, òróró náà sùn, kò sí ohun tó máa so táyà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọmọ náà tú ká, inú wọn kò dùn sí fáránkì tí wọ́n pàdánù.

Bàbá wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí: "Ìyá àwọn ọmọ, tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kí lẹ ń gbọ́? Iná iwájú yín ńkọ́?"

Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan, iná kò sì yí padà.

"Kì í ṣe bátìrì nígbà yẹn. Bí bátìrì bá rẹ̀, iná á rọ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ kákákáká. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé jíà sí N, níbi tí kò ti mú táyà. Ẹ yí i."

Ó jí.

Mo tún pa á, mo dá a padà sí P: kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gbé e sí N: ó jí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ní, "Ara jíà yẹn ní ìdènà kan, ó dà bí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú tiwa níbí láyé ọjọ́un. Tí kò bá rí P tàbí N, kò ní ṣílẹ̀kùn fún iná láti kọjá lọ jí ẹ́ńjìnnì. Torí kí ọkọ̀ má baà fò lu ẹnìkan ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Tiyín ti di arúgbó, kò dá P mọ̀ mọ́." Wọ́n tún béèrè bóyá iná funfun ẹ̀yìn ọkọ̀ ń tàn tí mo bá ń padà sẹ́yìn. Yéè! Kò tàn láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé gílóòbù ló jó. Wọ́n ní ìdènà kan náà ló ń pàṣẹ fún un. Ẹlẹ́rìí ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ mi látọjọ́ yìí, n kò bi í.

Wọ́n mú mi lọ bá ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi hàn mí pé rọ́bà orí okùn irin tó so igi jíà mọ́ ìdènà náà ti jẹ, ìdènà fúnra rẹ̀ sì ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, ọ̀rá dúdú bò ó. Ó nù ún, ó pààrọ̀ rọ́bà, ó gbé jíà sí N, ó tú bọ́ọ̀tì, ó yí i títí ilà tó wà lára rẹ̀ fi bá ara wọn mu, ó dè é. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fáránkì. Mo fún un ní mẹ́rin.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé. Mo gbé jíà sí R láti fi ẹ̀yìn wọ àgbàlá, iná funfun tàn sára ògiri, ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan sá.

Bàbá yẹn kò gba owó lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n gbé bátìrì tí mo ti yọ dànù wá, kí àwọn fi ẹ̀rọ ìwọn-iná àwọn wò ó. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló wà látọjọ́ náà. Wọ́n ní bátìrì tó yó máa ń wà ní nǹkan bíi fóòltì 12.6. Ẹ̀rọ náà ka 12.5.

N kò tíì sọ fún bàbá àwọn ọmọ.