Next() tí mo gbàgbé

Aago méje ò tíì lù láàárọ̀ yìí tí fóònù mi ti ń dún. Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo ń bá kọ ètò kọ̀ǹpútà wọn ni, màmá kan tí kì í fọ̀rọ̀ owó ṣeré rárá. Mo ní ẹ káàárọ̀ mà, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ọmọ mi, nǹkan yìí ń yí ṣáá ni o. Látìgbà tí mo ti kírun tán ni mo ti tẹ̀ ẹ́, kò ṣí, kò sì sọ pé òun ò ní ṣí."

Kò ṣí, kò sì sọ pé òun ò ní ṣí. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ báyẹn ni mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà, mi ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Express, ìyẹn irinṣẹ́ JavaScript tí a fi ń kọ ètò tó ń dáhùn ìbéèrè lórí sáfà, ni mo fi kọ ọ́, ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ díẹ̀ náà á ti mọ̀ ọ́n. Tí sáfà bá kú, bráósà á sọ fún ẹ. Tí ojú ọ̀nà tó ò ń wá ò bá sí, wàá rí "Cannot GET". Àmọ́ tó bá kàn ń yí ṣáá, á jẹ́ pé ẹnì kan ti gba ìbéèrè yẹn lọ́nà, ó sì jókòó lé e.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé middleware, àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí ìbéèrè ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kó tó rí ìdáhùn, fún bọ̀bọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rèé: ká ní o lọ sóde ìyàwó, ẹni tó wà ní géètì á wo káàdì ẹ, ẹni tó tẹ̀ lé e á wo aṣọ ẹbí tó o wọ̀ kó lè mọ tábìlì tó máa mú ẹ lọ, kó tó wá kan ẹni tó ń gbé ìrẹsì. Nǹkan méjì péré ni ẹnikẹ́ni nínú wọn lè ṣe, kó ní kó o máa kọjá, tàbí kó dá ẹ padà. Máa kọjá yẹn ni next(). Èyí tí mo fi sí géètì lálẹ́ àná gba káàdì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé káàdì dáa, ló bá dákẹ́. Ó ń wojú àlejò, àlejò náà ń wojú ẹ̀.

Mo sì tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ o! Mo fi curl, irinṣẹ́ tó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí sáfà, kàn án láìfi token (káàdì ìwọlé yẹn) sí i, ó dá mi padà pẹ̀lú 401 (a ò mọ̀ ẹ́, o ò lè wọlé) bó ṣe yẹ, inú mi dùn, mo pa lápútọ́ọ̀pù dé mo lọ sùn. Olè ni mo ń rò, mi ò ro onílé.

Láìnì kan péré, next() yẹn, ni mo fi tún un ṣe. Màmá ní ó ti ṣí, wọ́n ṣàdúrà fún mi, ó parí.

Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo ti jí náà, mo ní jẹ́ n kúkú gbé ètò náà kúrò lórí Express 4 bọ́ sórí 5 lónìí. Mo ti ń sún un síwájú tipẹ́, àwọn tó ṣe é gan-an ò sì yára, ọdún 2014 ni alpha (ẹ̀dà ìdánwò) 5 àkọ́kọ́ jáde, ó di 2024 kí ojúlówó ẹ̀ tó dé. Mo ṣe npm install láti gbé e wọlé, mo tan sáfà, kò tíì gba ìbéèrè kankan tó fi ṣubú: "Missing parameter name". Ìràwọ̀ tí mo fi ń mú gbogbo ojú ọ̀nà tí kò sí, '*' lásán, wọn ò gbà á mọ́, o gbọ́dọ̀ fún un lórúkọ, bíi '/*splat'. Ó bí mi nínú díẹ̀ torí ibi mẹ́fà ni mo ti kọ ọ́, àmọ́ ká sòótọ́, ìràwọ̀ aláìlórúkọ yẹn máa ń dà mí láàmú tí mo bá tún kóòdù kà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ohun tó wá mú mi jó nìyí. Nínú 4, tí async function, iṣẹ́ tó máa ń dúró de nǹkan bí ìdáhùn dátábéèsì, bá gbé ẹ́rọ̀ jáde tó ò fi ọwọ́ ara ẹ gbé e fún next, Express ò ní rí i rárá, Node (ohun tó ń gbé Express ṣiṣẹ́) látorí ẹ̀dà 15 sì lè tìtorí ẹ̀ pa gbogbo sáfà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wé asyncHandler, tó ń bá mi gbé ẹ́rọ̀ fún next, mọ́ gbogbo route (ojú ọ̀nà) bí ìgbà tí wọ́n ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Nínú 5, ó ń gbé e fún error handler, èyí tó ń bójú tó ẹ́rọ̀, fúnra ẹ̀. Mo pa gbogbo ewé yẹn rẹ́, mo ń pa á rẹ́ mo ń kọrin.

Ọ̀sán ni bọ̀bọ́ yẹn wá dá tiẹ̀ sílẹ̀. Ó rí i pé error handler mi gba err (ẹ́rọ̀), req (ìbéèrè), res (ìdáhùn), next, a ò sì lo next yẹn níbì kankan, linter (irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù wò) ń pariwo, ó bá yọ ọ́. "Bọ̀ọ̀dá, mo ti bá yín gbá kóòdù mọ́." Ẹ gbà mí! Iye nǹkan tó wà nínú àkámọ́ yẹn ni Express ń kà, mẹ́rin ló fi ń dá error handler mọ̀, tó bá ti di mẹ́ta, middleware lásán ni. Ojú ọ̀nà tí kò sí wá ń sọ fún wa pé res.status is not a function, torí next ló ti bọ́ sípò res. Mi ò bá a wí. Èmi náà ti fi '/omo-egbe/:id' (:id ń gba ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀) ṣáájú '/omo-egbe/tuntun' rí, òkè ni Express ti ń kà á wálẹ̀, Postgres, dátábéèsì wa, wá ń bi mí pé irú nọ́ńbà wo ló ń jẹ́ "tuntun".

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni màmá tún pè.

"Ó ti ń ṣí dáadáa o, ọmọ mi. Àmọ́ kí ló dé tí owó tèmi fi kéré báyìí?"

Mo ní mà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sáfà o.