Òdo Tí Mo Fún Ọmọ Lakota: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tíṣà Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ó pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Pine Ridge, South Dakota, ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn Lakota, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ tí ìwé ń pè ní Sioux. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ti Nàìjíríà dé, ibi tí mo ti ṣubú gan-an lẹ tún ń ṣubú sí.

Èkíní: ọmọ tí kò wojú yín kì í ṣe aláfojúdi. Ó ń bọ̀wọ̀ ni.

Èkejì: ọmọ tó bá pe obìnrin mẹ́ta ní “ina”, ìyẹn ìyá, kò purọ́. Ìyá náà ni àbúrò ìyá ẹni. Ṣé ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá?

Ẹ̀kẹta... ẹ jẹ́ n kúkú sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún àkọ́kọ́ mi ni. Mo ní kí kálukú wá sọ ìtàn tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún un. Ó kan ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan. Ó dúró síwájú pátákó, ó ń fa apá súẹ́tà rẹ̀ bo ìka, kò fọhùn. Mo ní, “Àbí o ò ní ìyá àgbà ni?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo fi bírò pupa kọ òdo fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá àgbà ọmọ náà dé. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé ìwé náà sórí tábìlì mi, wọ́n dákẹ́ títí mo fi ń làágùn. Wọ́n wá ní alẹ́ ìgbà òtútù nìkan ni àwọn Lakota ń sọ ohunkakan, ìyẹn ìtàn àtijọ́ wọn, yìnyín sì ti yọ́. “Ọmọ mi mọ ìtàn. Ó tún mọ ìgbà tí wọn kì í sọ ọ́.”

Èmi tí ìyá ìyá mi kì í jẹ́ ká pa àlọ́ lọ́sàn-án!

Màmá ní ilé-ìwé ni wọ́n ti gé irun bàbá àwọn. Láti 1879 tí Carlisle, ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kó ọmọ onílẹ̀ gbé, ti ṣí ní Pennsylvania ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ Lakota lọ sírú ibẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé èdè wọn. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló sì ń gé irun lọ́dọ̀ wọn. Nínú ilé-ìwé ni èmi náà ti di bírò pupa mú.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa, tó ní kí n tẹ̀ lé ìwé ìlànà ẹ̀kọ́, ní òun ò mọ̀ sí i. Inú ṣì ń bí mi sí i dòní, àmọ́ ọwọ́ mi ló kọ òdo.

Mo pa á rẹ́, mo kọ ọgọ́rùn-ún. Màmá wò ó, wọ́n ní máàkì kọ́ làwọn bá wá. Ọmọ náà ò la ẹnu ní kíláàsì mi mọ́ títí a fi gba ìsinmi.