A sanwó ilẹ̀, a ò rí ẹyẹ: bí a ṣe wá ilẹ̀ ọdẹ kiri ní South Dakota

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn mí jù: 300 dọ́là. Iye tí èmi àti Bàbá Ìbejì kà sọ́wọ́ ọkùnrin kan nìyẹn, ní abúlé kan ní gúúsù ìlú Aberdeen, ní ìpínlẹ̀ South Dakota, Amẹ́ríkà, kó lè jẹ́ ká gbé ìbọn rìn lórí ilẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹyẹ méjì la rí. Abo ni méjèèjì, òfin ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yìnbọn sí abo.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan á ti máa bèèrè pé kí ni ọmọ Yorùbá sọnù síbẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní Ìgbòho. Minnesota ni èmi ń gbé báyìí. Mo ti ṣe kíláàsì ìbọn tí wọ́n ń fi dandan lé fún ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn 1979, mo ti ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì, mo sì ti rẹ ara mi tán nínú igbó tó wà nítòsí ilé. Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́, ló ní ajá: Labrador dúdú kan tí wọ́n sọ ní Tanímọ̀la.

Pheasant ni ẹyẹ tí à ń wá. Ẹni tó bá mọ àparò ti mọ ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni aṣọ àparò ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, akọ pheasant ní tirẹ̀, aṣọ àríyá ló ń wọ̀ lọ sóko: orí rẹ̀ ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ojú rẹ̀ pupa, òrùka funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Láti China ni wọ́n ti kó o wá sí Amẹ́ríkà, ilẹ̀ South Dakota sì gbà á débi pé òun ni wọ́n fi ṣe ẹyẹ ìpínlẹ̀ náà. Ní 1919, ní Spink County, ọjọ́ kan péré ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ fún ọdẹ rẹ̀. Lónìí, láti October títí dé ìparí January ni. Mẹ́ta ni ẹnì kan lè pa lóòjọ́, akọ nìkan, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí ìgbà tí oòrùn bá wọ̀.

Ìwé àṣẹ tiwa àlejò lé ní 100 dọ́là. Ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń lò ó, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún tó tẹ̀léra, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀ẹ̀kan ṣòfò lọ́sẹ̀ tí òjò bá ń rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kan tún wà tó jẹ́ pé ará ìpínlẹ̀ náà nìkan ló lè dọdẹ lórí ilẹ̀ ìjọba kí àwa tó dé. Ìyẹn ò bí mi nínú. Onílé ló yẹ kó kọ́kọ́ bu ọbẹ̀.

Wákàtí márùn-ún la fi wa ọkọ̀ lórí títì US-12. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju pé ìyàwó mi di chin-chin sínú ike ńlá kan, àti pé kí a tó dé ìlú Ortonville, Bàbá Ìbejì ti gba ike náà sí ẹsẹ̀ tiwọn.

Ó ku ọ̀gbẹ́ni olówó ilẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí i. Ó gbé fọ́tò ẹyẹ tí wọ́n tò sẹ́yìn ọkọ̀ síbẹ̀ bí ẹja ní Èpẹ́, ó ní 150 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ la débẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó na ọwọ́ sí oko kan, ó ní, “Ẹyẹ kún ibẹ̀.” Ó ṣáná sọ́kọ̀, ó lọ.

Oko àgbàdo ni. Wọ́n ti kórè rẹ̀ tán, wọ́n ti ro ó kù ilẹ̀ gbẹrẹfu, ó ku ìlà koríko tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí wáyà, tí kò fẹ̀ ju pálọ̀ mi lọ. Àwọn páálí ọta tí a rí nínú rẹ̀ ṣì ń dán, ẹsẹ̀ bàtà àti ẹsẹ̀ ajá sì wà káàkiri inú ẹrẹ̀. Ó ti ta ilẹ̀ kan náà fún àwọn ẹlòmíì lánàá, bóyá níjẹta pàápàá. A rìn fún wákàtí mẹ́ta. Tanímọ̀la tú abo méjì sókè, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó gbà wá nímọ̀ràn.

Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: “Ilẹ̀ ni mo yá yín. Mi ò yá yín ní ẹyẹ.”

Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Títí di báyìí mi ò tíì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ó jalè, mo mọ̀. Èmi ni mi ò béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè: ìgbà wo ni wọ́n dọdẹ níbẹ̀ kẹ́yìn? Koríko wo ló kù? Àgbàdo tó yí i ká ńkọ́, ṣé ó ṣì wà ní dídúró? Tí àgbàdo bá ṣì wà nílẹ̀, inú rẹ̀ ni ẹyẹ máa lọ sá sí, owó tẹ́ ẹ san sórí koríko á dòfò. Tí wọ́n bá sì ti kó gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́ koríko kankan kù sílẹ̀, kò síbi tó máa sùn. Ẹni tó bá ta kú pé òun ò ní dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, ẹ fi owó yín sápò.

Hòtẹ́ẹ̀lì wá fi iyọ̀ sójú egbò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni ajá. Ní kántà, 25 dọ́là lálẹ́ kọ̀ọ̀kan ni. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní àsìkò ọdẹ la wà. Mo ní ṣé ajá mi ń tóbi sí i lásìkò ọdẹ ni? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gba owó rẹ̀.

Àmọ́ orí kántà yẹn náà ni ìwé àwòrán ilẹ̀ kan wà, ọ̀fẹ́, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń tẹ̀ jáde fún ọdẹ. Ìdí tí mi ò fi wá a kí n tó kúrò nílé, ẹ má bi mí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí a ń jẹ nínú chin-chin. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Waterfowl Production Area, àbàtà àti koríko tí wọ́n dá sí nítorí pẹ́pẹ́yẹ. Ọta òjé ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, onírin ni kẹ́ ẹ rà. Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà wà. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni Walk-In Area: ilẹ̀ àgbẹ̀ ni, ìjọba ló ń sanwó fún olóko kí ọdẹ lè wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kìkì pé ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ wọlé. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yí oko 300 dọ́là wa ká! Ọ̀kan ò ju máìlì méjì lọ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, èyí tó wà létí ọ̀nà ọ̀dà la kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ mẹ́fà ti wà níbẹ̀ láago mẹ́jọ, àwọn ọkùnrin ń mu kọfí, wọ́n ń dúró de aago mẹ́wàá bí ẹni tó tò sídìí kérosíìnì. A kí wọn, a kọjá. Ẹ̀kejì, màlúù ti jẹ koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀, eku ò lè fara pamọ́ síbẹ̀. Àwọ̀ lásán ni àwọ̀ inú ìwé, kì í sọ bí koríko ṣe ga tó. Ẹ fi fóònù wo fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè, kẹ́ ẹ sì wá ibi tó dúdú tó rí gbágungbàgun.

Ẹ̀kẹta wà lópin ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́. Àbàtà ni, koríko etí omi tó ga jù mí lọ ló bò ó, èyí tí orí rẹ̀ rí bíi súyà lórí igi. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀, kò sì yẹ kó yà yín lẹ́nu, nítorí ìgbésẹ̀ kan, ẹ ti rì dé orúnkún. Bàbá Ìbejì ń pariwo “Tanímọ̀la! Tanímọ̀la o!” káàkiri pápá South Dakota, atẹ́gùn ń gbé e lọ. Lójijì akọ kan tú jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, pẹ̀lú igbe bí ìlẹ̀kùn tó ti dípẹtà. Mo yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń lọ. Bàbá Ìbejì yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjálá lójú ẹsẹ̀, ohùn wọn ò dùn rárá, ṣùgbọ́n mo gbè é.

Mẹ́ta míì tú sókè, wọ́n fò kọjá wáyà, wọ́n bà sórí ilẹ̀ olóko. Ibẹ̀ ló parí. Ní ìpínlẹ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ sí pátákó kankan, ẹ ò gbọdọ̀ dọdẹ lórí ilẹ̀ ẹlòmíì láìgbàṣẹ. Òfin fàyè gba dídọdẹ nínú kòtò etí títì, tí ó bá ti jìnnà ju 660 ẹsẹ̀ bàtà lọ sí ilé tí èèyàn ń gbé tàbí ibi tí ẹran ọ̀sìn wà. A rí àwọn tó ń ṣe é, wọ́n ń wa ọkọ̀ bí ìgbín, wọ́n ń yọjú. Èmi ò fẹ́ ẹ. Ọdẹ tó ń jókòó sínú ẹ̀rọ amúlétutù, ọdẹ wo nìyẹn?

“Àbúrò, ẹ jẹ́ ká lọ kí onílé,” ni Bàbá Ìbejì wí.

Ojú tì mí, torí mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní Ìgbòho, ọdẹ tó bá wọ̀lú, ilé Olúọ́dẹ ló ń kọ́kọ́ yà kó tó wọ igbó ẹnikẹ́ni. Èmi wá dé South Dakota, fóònù ni mo ń kí.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ọkùnrin dúdú méjì ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé kan ṣoṣo láàárín pápá. A fi ìbọn àti ajá sínú ọkọ̀, a bọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, a páàkì síbi tí wọ́n á ti rí wa kedere. Bàbá àgbà kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìkórè, gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. A kí i, a sọ ibi tá a ti wá, a sọ pé ẹyẹ wa bà sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rìn dé ọ̀dọ̀ mi lọ́dún yìí,” ló wí. “Àwọn yòókù, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni wọ́n ti ń bi mí.”

Ó ní ká wá lẹ́yìn aago mẹ́ta, ká má sún mọ́ màlúù, ká ti géètì. Kò gba kọ́bọ̀. Bàbá Ìbejì wọ ilẹ̀ mú spánà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bá a tú nọ́ọ̀tì kan tó ti há, èmi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Wákàtí tó kẹ́yìn kí oòrùn tó wọ̀, ẹyẹ ń tinú àgbàdo bọ̀ wá sùn nínú àbàtà rẹ̀, ní mẹ́ta, ní mẹ́rin. Márùn-ún la pa lọ́jọ́ náà, méjì nínú rẹ̀ ni tèmi. A fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lára wọn nígbà tá a ń tú wọn, kí ẹ̀ṣọ́ ọdẹ lè rí i pé akọ ni. (Ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà fún ìgbà pípẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ ata. Mo dín tèmi ní tútù, páálí ni mo jẹ.)

A padà lọ fún bàbá náà ní méjì. Ó ní láti kékeré lòun ti ń jẹ pheasant, ó ti sú òun. Bàbá Ìbejì wá rántí ike tó wà lẹ́sẹ̀ wọn nínú ọkọ̀, ó ku bí ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀. Bàbá fi mu kọfí, ó ń bu ú títí ó fi tán, ó wá béèrè ìgbà tá a máa lo ọjọ́ márùn-ún wa tó kù.

December ni. Ìyàwó mi ní kí n ra ìyẹ̀fun wá fúnra mi.