Omi Mìlílítà 41

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, mo fi sírínjì wọn omi mìlílítà 41 sínú ife, mo gbé e ka orí tábìlì, mo sì jókòó tì í. Kò tó ṣíbí ńlá mẹ́ta.

Scleroderma ni àìsàn tí ń ṣe mí: àwọn ọmọ ogun ara ni wọ́n dojú ìjà kọ ara tí ó yẹ kí wọ́n máa dáàbò bò, awọ ara a wá máa le, àpá a sì máa dì sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ìka mi a funfun bí ẹfun, a sì kú tipiri, débi pé eyín ni mo fi ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ láti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé ọmọ mi.

Dókítà ní kí a fi nintedanib, oògùn tí ń fa ọwọ́ àpá inú ẹ̀dọ̀fóró sẹ́yìn, kún mycophenolate tí mò ń lò láti fi dẹ ìjà àwọn ọmọ ogun ara. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 lórí aláìsàn 576, àwọn tí ó lo oògùn náà pàdánù nǹkan bí mìlílítà 52 láàárín ọdún kan nínú èémí tí ẹ̀dọ̀fóró wọn lè gbé, nígbà tí àwọn tí wọ́n fún ní ayédèrú oògùn pàdánù 93. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ó wà nínú ife mi. Kò ṣe awọ ara láǹfààní, ìgbẹ́ gbuuru sì bá nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ó lò ó.

Mo bi í pé, “Dókítà, ṣé yóò ṣiṣẹ́ fún èmi?” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ẹ má bínú, mà, n kò lè fi dá yín lójú.” Òótọ́ yẹn dùn mí, síbẹ̀ òun ni ó jẹ́ kí n fọkàn tán an.

Ìtọ́jú tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Ìwádìí kan ní Yúróòpù, tí ó jáde ní ọdún 2014, fi hàn pé fífi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tún ẹ̀jẹ̀ ṣe ń mú ẹ̀mí gùn, ṣùgbọ́n nínú ẹni 79 tí wọ́n yàn fún un, ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀ pa mẹ́jọ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi ìròyìn ti Erlangen ní Jámánì ránṣẹ́ sí mi tàdúràtàdúrà, níbi tí sẹ́ẹ̀lì CAR T (ọmọ ogun ara aláìsàn fúnra rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe, kí ó lè pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dá ìjà náà sílẹ̀) ti ṣe bẹbẹ. Mo bá a ṣe àmín. Ẹni 15 ni ó wà nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024. Mẹ́rin péré nínú wọn ni ó ní irú àìsàn mi.

Mo ti ní kí dókítà kọ nintedanib fún mi, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn ilé wa báyìí, n kò sì fẹ́ kí ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí inú mi kò bá gbà á, a ó dá a dúró.