Fífi sípíkà kejì kún amplifier gìtá: ẹ ṣírò ohm ná

Kí ẹ tó béèrè wáàtì, ẹ kọ́kọ́ mọ iye ohm tí amplifier máa bá pàdé nígbà tí sípíkà bá di méjì. Ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó ń ti inú amplifier bọ̀. Bó bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná tí sípíkà ń fà ń pọ̀ sí i.

Ká ní 8 ohm ni méjèèjì. Tí ẹ bá so pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù, parallel nìyẹn: 4 ohm ni wọ́n dà. Tí nẹ́gẹ́tíìfù ti ìkíní bá wọ pósítíìfù ti ìkejì, series ni: 16 ohm. Tí iye wọn ò bá dọ́gba nínú parallel, ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, kí ẹ fi àròpọ̀ wọn pín in. 8 àti 16 á di 128, a fi 24 pín in, ó di 5.33 ohm. Níbẹ̀, tí amplifier bá ń gbé 30 wáàtì jáde, 20 ló ń lọ sọ́dọ̀ 8 ohm, 10 péré ló kan èkejì. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti po iye tó yàtọ̀ síra.

Ihò tí wọ́n kọ Ext. Speaker sí lẹ́yìn amplifier, parallel ni wọ́n sábà fi so ó mọ́ sípíkà inú. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti ki jáàkì bọ̀ ọ́, sípíkà inú á dákẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Amplifier oní-transistor kì í fẹ́ kí ohm kéré ju iye tí wọ́n kọ sí i. Tó bá kéré jù, transistor á gbóná, fíúsì á já, tàbí kí transistor fúnra rẹ̀ jó. Tí ohm bá pọ̀, kò séwu: 16 lórí amplifier tó ń retí 8 á dín agbára kù sí nǹkan bí ìdajì, ìyẹn 3 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga sí), kò sì tó ohun tí èèyàn ń sunkún lé lórí.

Ti oní-tube, èyí tó ń lo tube onígíláàsì bíi gílóòbù dípò transistor, yàtọ̀. Ẹ yí bọ́tìnnì 4, 8, 16 rẹ̀ sí iye àpapọ̀ tí ẹ ṣírò. Tí àpapọ̀ bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, tube á tètè gbó. Àmọ́ tó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí kò sí sípíkà rárá, fóltéèjì inú tàǹsífọ́mà lè fò sókè débi pé iná á ta láàárín wáyà rẹ̀ tàbí ní ẹsẹ̀ tube. Nítorí náà, ẹ má yọ wáyà sípíkà nígbà tí amplifier bá wà ní títàn.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó tan iná. Ẹ yí mítà sí 200 ohm, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ yọ iye tó bá hàn kúrò nínú èsì. Ẹ ki wáyà bọ àpótí sípíkà, kí ẹ fi mítà kan orí àti ara jáàkì tó wà ní ìdí kejì. Sípíkà 8 ohm á fi 6 sí 7 hàn, 16 á fi nǹkan bí 12 hàn; kò bàjẹ́, iná tààrà (DC) ni mítà fi ń wọ̀n. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, wáyà ń kan ara wọn nínú jáàkì. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn, ó ti já.

Wáyà gìtá kọ́ lẹ máa lò o! Tín-ín-rín ni èyí tó wà láàárín rẹ̀. Wáyà sípíkà ẹlẹ́nu méjì, 1.5 mm², ló yẹ ẹ́. Ẹ tún fi bátìrì 1.5 V kan ẹnu sípíkà kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan, pósítíìfù sí pósítíìfù: páálí tó wà lójú sípíkà méjèèjì gbọ́dọ̀ fò síta. Tí ọ̀kan bá fà sẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ wáyà rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ báàsì á pòórá.