Tẹ́ ẹ bá wọ ilé àwòṣífìlà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ọmọ iléèwé, lọ́dọ̀ àwa tá à ń bójú tó ilé gíga, láti Pólì Ìbàdàn, mo mọ̀ pé òkè lẹ máa kọ́kọ́ fẹ́ gùn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò. Ẹ yà á, kò burú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa gbé kiri inú ilé náà: tí NEPA bá mú iná báyìí, kí ló máa dúró, ta ló sì máa há?

Ẹ wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1965: alájà 26, gíga mítà 105. Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn lè ka èyí láìwòwé, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bí omi ṣe ń dé òkè irú ilé bẹ́ẹ̀. Gbogbo mítà 10 tí omi bá fi ga, ipá tó fi ń ti páìpù nísàlẹ̀ á fi nǹkan bíi báà 1 lé sí i (báà la fi ń wọn ipá omi). Tẹ́ ẹ bá gbé táǹkì kan ṣoṣo sí òkè téńté, tẹ́ ẹ fa páìpù tààrà wálẹ̀, ẹ̀rọ omi ìsàlẹ̀ á gba báà 10, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta péré ti tó o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín omi ilé gíga ní ìpele ìpele, tí wọ́n á gbé táǹkì sí agbedeméjì. Tẹ́ ẹ bá dé ilé tuntun, àjà táwọn ẹ̀rọ wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe ọ́fíìsì ọ̀gá.

Ti líìfìtì ló ń ya ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu jù. Yàrá tí èèyàn ń wọ̀ yẹn kò dá wà lórí okùn. Irin ńlá kan wà ní ìdàkejì tó ń fà á. Irin náà máa ń wúwo tó yàrá òfìfo pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì ẹrù tó lè gbà. Nítorí náà, tí ẹnì kan ṣoṣo bá há, tí wọ́n tú bíréèkì tó di líìfìtì mú, òkè ni yàrá náà máa lọ, torí irin yẹn wúwo jù ú lọ. Mo ti rí ẹni tó dúró nísàlẹ̀ tó ń retí rẹ̀! Ẹ pa iná rẹ̀ ná, ẹ béèrè iye èèyàn tó wà nínú, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì rárá.

Àwọn kan ń sọ pé ó yẹ ká ní ilé ọ́fíìsì táráàlú lè gùn lọ wo Ìbàdàn lókè. Mo fara mọ́ ọn. The Shard ní London ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2013: ọ́fíìsì wà nísàlẹ̀, àyè ìwòran wà lókè, láti àjà 68. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn olùwòran yàtọ̀, líìfìtì wọn náà yàtọ̀. Ẹni tó ń sáré wọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ máa tò sẹ́yìn ọmọ iléèwé ogójì. Bower's Tower tiwa ní Òkè Àrẹ, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936, kò ní wàhálà yìí: àtẹ̀gùn láyípo ni, ẹsẹ̀ ẹni ni dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Ó wá ku àtẹ̀gùn. Iná jó Cocoa House lọ́dún 1985, ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán. Tí iná bá ń jó, líìfìtì kì í ṣe ọ̀nà. Síbẹ̀ orí àtẹ̀gùn làwọn ayálégbé máa ń kó páálí àti àga tó ti kán sí. Wọ́n á bẹ̀ yín, wọ́n á ní ọjọ́ méjì péré ni. Ẹ má gbà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ rìn ín láti òkè délẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ wò bóyá ó ń ṣí láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́.